Àmì Funfun Lára Dígí Fèrèsé àti Dígí Mọ́tò: Omi Kànga Ló Ń Fà Á

 

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ilé méjì ni àgbẹ̀ wa sábà máa ń ní. Ọ̀kan wà ní abúlé, lápá Lágelú, Akínyẹlé, Ọ̀nà-Àrà tàbí Olúyọ̀lé. Èkejì ni agboolé bàbá ẹni nínú ìlú, ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Màpó tàbí Bẹyẹrúnkà. Bí a bá wọ̀lú fún ọdún tàbí ìnáwó, tí a gbójú sókè wo fèrèsé, a ó rí i pé dígí lúfà tí a fowó gidi rà ti ní àmì funfun tóótòòtó lára. A ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tó bá ṣì tutù, a ó rò pé ó ti mọ́. Kó tó gbẹ tán, àmì náà ti tún yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni dígí Micra tàbí bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ata àti gààrí wọ ọjà. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí awakọ̀, tàbí tí iná mọ́tò ẹlòmíràn bá tàn sí i lóru, gbogbo àmì funfun yẹn á máa dán yòò sí i lójú, kò ní rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà abúlé wa ṣe rí, àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí rẹ̀ lálẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan àgbẹ̀ kan dígí?" Ó kàn án o. Omi kan náà tó ń ba dígí jẹ́ ló ń ba oògùn apako jẹ́ nínú pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti dígí, a ó sì dé orí ti oògùn.

KÍ NI NǸKAN FUNFUN NÁÀ?

Òkúta ni. Òjò tó ń rọ̀ látòkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òkúta kankan nínú. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ilẹ̀, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ tí gbòǹgbò igi àti ewé jíjẹrà ń tú jáde, ìyẹn á sì mú kí omi náà kan díẹ̀. Omi tó kan díẹ̀ yìí ló ń yọ́ òkúta àti ilẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ, tó ń kó àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní calcium àti magnesium dání. A kì í fojú rí wọn nínú omi, gẹ́gẹ́ bí a kì í ṣe rí iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí omi bá wá gbẹ lára dígí, omi nìkan ló lọ; òkúta kò lè fò lọ, ibẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ óò tún da omi mìíràn sí i lọ́la, ìpele mìíràn á tún gùn ún.

Irú òkúta tó pọ̀ jù nínú àmì yìí kò ṣàjèjì sí yín. Òun ló wà nínú èèpo ẹyin adìẹ, òun náà ni wọ́n ń wà ní Ẹwékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Òun náà ni ìpẹ́pẹ́ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù àti ìkòkò omi gbígbóná.

Omi tó kó òkúta púpọ̀ dání báyìí ni à ń pè ní omi tó le. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ẹ̀wà kì í sì tètè jinná. Àwọn tó máa ń yẹ omi wò máa ń wọn òkúta yìí ní mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Èyí tí kò bá tó 60, omi tó rọ̀ ni. Èyí tó bá lé ní 180, ó ti le gan-an. Ìlànà omi mímu tí orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní 2007 fi òpin rẹ̀ sí 150. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ṣíbí wò ó: bí omi kan bá ní 200, korobá onílítà 20 kan máa fi gíráàmù 4 òkúta sílẹ̀ tó bá gbẹ tán, ó súnmọ́ ṣíbí tíì kan. Ẹni tó ń fi korobá méjì fọ mọ́tò lójoojúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ wò fún oṣù kan.

Ẹnì kan lè béèrè pé Ìbàdàn kì í ṣe Ẹwékorò, níbo ni òkúta ti wọ kànga wa? Òótọ́ ni, òkúta tiwa yàtọ̀. Òkè tó gba Màpó lọ sí Àrẹ̀mọ, òkúta líle tó ń dán ni, omi kì í lè yọ́ ọ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ òkè, àwọn òkúta mìíràn wà tí omi ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wo àwọn nǹkan tí ọwọ́ ọmọ aráyé kó bá ilẹ̀: rìǹgì sìmẹ́ǹtì tí a fi kọ́ kànga, eérú ààrò, ààtàn, ṣáláńgá, ẹ̀gbin agboolé tó fún mọ́ra láti ayé àwọn baba ńlá wa. Gbogbo rẹ̀ ni òjò ń fọ̀ wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga méjì tí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ síra wọn ṣe lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Omi ẹ̀rọ tó ń ti Elẹ́yẹlé wá láti 1942, àti èyí tó ń ti Aṣèjirẹ wá láti 1972, omi odò ni, ó sábà máa ń rọ̀ ju ti kànga lọ. Bó bá wá sáré ni o. Nígbà tí kò bá sáré, kànga náà la ó padà sí.

Ẹ lè dán omi yín wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ wá ìgò méjì tó dọ́gba. Ẹ bu omi òjò sí ìkan dé ìdajì, ẹ bu omi kànga sí ìkejì bákan náà. Ẹ ha ọṣẹ ìfọṣọ alálẹ̀mọ́ díẹ̀ sínú méjèèjì, kó dọ́gba. Kó má ṣe jẹ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun, torí ìyẹn máa ń hó nínú omi tó le pàápàá. Ẹ dé wọn, ẹ jù wọ́n mì títí. Ti omi òjò máa hó fìì. Bí ti kànga bá kọ̀ tí kò hó, tí nǹkan funfun bí omi wàrà tó bàjẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀, omi yín le nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń MÚ UN KÚRÒ

Ọṣẹ kò lè mú òkúta kúrò, bó ti wù kí ẹ pọ́n ọn tó. Nǹkan kíkan ló ń yọ́ ọ. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èèpo ẹyin, ẹ óò rí i tó ń hó wínníwínní. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà ni a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lára dígí.

Ohun méjì ló wà ní àrọ́wọ́tó wa. Àkọ́kọ́ ni ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tó ń jẹrà sábẹ́ igi lóko ẹlòmíràn tí kò rí ẹni rà á. Ẹ fún un, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí horo àti pótópótó rẹ̀ kúrò, kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ láìbomi lù ú. Èkejì ni fínígà funfun tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní ọjà. Ẹ bu omi òjò tó pọ̀ tó o lù ú, ọgbọọgba. Bí àmì náà bá ti pẹ́, ẹ lò ó láìbomi lù ú.

Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, nígbà tí dígí bá tutù. Dígí tí oòrùn ti pa máa ń gbẹ oje náà kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi òjò sí dígí dáadáa kí iyanrìn àti eruku ọyẹ́ ṣàn kúrò. Bí ẹ bá fi àkísà nù ún ní gbígbẹ, iyanrìn yẹn ni yóò fá a. Ẹ wá rẹ aṣọ rírọ̀ tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú oje ọsàn tàbí fínígà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àmì náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Dígí tó dúró kì í gba omi dúró. Bí ẹ bá kàn wọ́n ọn sí i, yóò ṣàn lọ sílẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fi í lẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ máa tún rẹ ẹ́ kó má gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ náà yí i po díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi òjò ṣàn án, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Dígí lúfà tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ rọra tú irin tó dì í mú, kí ẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú báàfù pẹ̀lú fínígà. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́, etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé bá yín yọ ọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta tó ń dín kù, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá dín rárá, ẹ fi èékánná gbá a wò. Bó bá ga díẹ̀, òkúta ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún fún un lákòókò. Bó bá tẹ́jú mọ́ dígí ṣùgbọ́n tó ṣì funfun, omi náà ti jẹ dígí fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò sí ọsàn tó lè dá a padà. Ẹ lè fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ yí i lára, ó lè dín kù, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò dà bí tuntun. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ tètè ṣe é nìyẹn. Àmì ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Àmì ọdún mẹ́ta lè di owó dígí tuntun.

Èyí tó ń yára jẹ dígí jù ni omi tó ṣàn kọjá lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì. Ilé tí ẹ bá ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ, ẹ fi ọ̀rá bo fèrèsé títí àwọn bírikìlà yóò fi parí, kí ẹ sì ṣan dígí náà ní ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì bá ta sí i. Ẹ má ṣe dúró dọjọ́ kejì.

Àwọn ìṣọ́ra díẹ̀ nípa nǹkan kíkan yìí: kò mọ dígí yàtọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ó máa ń jẹ sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ tẹrásò, páànù àti férémù aluminiọmu. Ẹ tẹ́ àkísà tútù sábẹ́ fèrèsé, kí ẹ sì ṣan ibi tó bá kán sí. Lára mọ́tò, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí ọ̀dà. Dígí tí wọ́n lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ nínú, ìta rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fún ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fọ ọwọ́ yín tọṣẹtọṣẹ kí ẹ tó bọ́ sínú oòrùn; oje rẹ̀ àti oòrùn lè jọ jó awọ ara, kó lé ròrò, kó sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI SÍ I

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń lo omi bátìrì. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé ó ń jó awọ ara tó sì lè fọ́ ojú, kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, torí bó bá kan òkúta yìí, nǹkan funfun mìíràn tí kì í yọ́ nínú omi ló ń sọ ọ́ dà. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Èkejì tún burú ju ìyẹn lọ nítorí pé kò jọ ewu lójú. Ẹ má ṣe po fínígà, oje ọsàn tàbí ọṣẹ ìfọ-ilé-ìgbẹ́ mọ́ Hypo tàbí Jik. Àwọn kan rò pé bí méjì bá dára, àpapọ̀ wọn á dára jù. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń gún èèyàn lọ́fun àti nínú ẹ̀dọ̀fóró; nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, ó lè pa èèyàn.

Eérú, iyanrìn àti kànhìnkànhìn onírin dára fún ìdí ìkòkò, kò dára fún dígí. Wọ́n ń fá a ni. Bó bá sì ti fá, ibi tó fá yẹn ni òkúta yóò tún máa rí dì mú. Ẹ kò sì nílò álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí omi tó dòdò tòrò, kì í mú òkúta kúrò nínú rẹ̀. Omi lè mọ́ gaara, kó ṣì le.

KÓ MÁ BAÀ PADÀ

Bí omi kò bá gbẹ lára dígí, òkúta kò ní kù síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fọ mọ́tò lọ́sàn-án gangan, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ omi kànga ni ẹ ní, ẹ fi fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá fi korobá omi òjò kan ṣan dígí kẹ́yìn.

Omi òjò kò wọ́n wa, gbígbà rẹ̀ ni a kì í ráyè fún. Ilé tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 6 sí mítà 10, bí òjò tó tó mìlímítà 20 bá rọ̀ sí i, lítà omi 1,200 ló bọ́ sórí rẹ̀. Bí ìdajì bá tilẹ̀ dànù, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ló kún. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ ṣàn lọ, torí ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Dúrọ́ọ̀mù kan tí a bá tọ́jú kí òjò tó dáwọ́ dúró ní ìparí October, ó lè tó ṣan dígí títí ọyẹ́ yóò fi kọjá.

ẸNU PỌ́ǸPÙ ÀTI OÒGÙN APAKO

Ẹ mú ẹnu ọ̀pá pọ́ǹpù yín wò. Bí nǹkan funfun bá yí ihò rẹ̀ ká, òkúta inú dígí náà ni. Ó ń dí ihò, oògùn kò ní jáde déédéé. Apá kan oko yóò mu púpọ̀, apá kejì kò ní rí nǹkan kan mu. Ẹ tú ẹnu náà àti asẹ́ rẹ̀, ẹ fi omi fọ oògùn kúrò lára wọn, kí ẹ rẹ wọ́n sínú fínígà tàbí oje ọsàn fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ nù ún. Ẹ má fi wáyà tàbí ìṣó gún un, ihò náà á gbòòrò jù. Ẹ má sì fi ẹnu yín fẹ́ ẹ láéláé. Abọ́ tí ẹ bá lò, kó má tún padà sí ilé ìdáná.

Ti oògùn inú rẹ̀ ló kàn. Glyphosate, tí ẹ̀yin mọ̀ sí Roundup tàbí Force Up, ti wà lọ́jà láti 1974, òun sì ni ọ̀pọ̀ yín fi ń pa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ke àti koríko agídí. Bí ẹ bá bù ú sínú omi tó le, calcium inú omi náà á dì mọ́ ọn, ewé koríko kò sì ní lè fà á mu dáadáa. Koríko á pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó tún hù. Àgbẹ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn, kànga ló jẹ owó oògùn náà. Omi odò tó dòdò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí amọ̀ inú rẹ̀ náà máa ń di glyphosate mú.

Omi òjò ló dára jù láti fi po ó. Bí kò bá sí, ajílẹ̀ sulphate of ammonia ń ṣèrànwọ́: gíráàmù 150 sí 300 fún pọ́ǹpù onílítà 15. Àgolo wàrà olómi kan tó kún déédéé wà láàrin ìwọ̀n yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ sínú omi, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú pọ́ǹpù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da oògùn sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Bí ẹ bá da oògùn síwájú, calcium ti dì mọ́ ọn kí ajílẹ̀ náà tó dé. Yùríà àti NPK kò ṣe é fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ bí omi rẹ̀ ṣe le tó, kó gbé ìgò omi kànga rẹ̀ kan àti ìgò omi òjò kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ. A ó jọ mì wọ́n níbẹ̀.